Pupa Wo Nínú Pupa?

Kí Sùlíyá tó fojú kan géètì yunifásítì, ó ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Agége, ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ojú irin, níbi tí òórùn bisikíìtì láti ilé iṣẹ́ Ògbà ti ń pàdé ènìyàn lọ́nà, yóò tọ́ka sí àwọn ìdì aṣọ tó wà lórí pákó, yóò sì máa ka ilé ìwé fún yín: "Ìṣègùn nìyẹn, pupa. Èyí tó dà bí aró yẹn, òfin ni. Àwọ̀ ewé ni ti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Funfun ni ti àwọn onímọ̀ èdè àti ìtàn."

Gáùn ni wọ́n ń rán níbẹ̀, aṣọ dúdú fífẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, àti húùdù tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn. Àwọ̀ inú húùdù ní í sọ ibi tí olúwarẹ̀ ti kàwé. Yunifásítì ìjọba ńlá kan ní ìhà kejì Èkó ló ń gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Orúkọ rẹ̀ kọ́ la wá sọ, Sùlíyá la wá sọ.

Alàgbà Job ló ni ṣọ́ọ̀bù. Sùtánà ni baba yìí kọ́kọ́ ń rán, sùtánà funfun fún àwọn ìjọ Aládùúrà láti Agége títí dé Ọmọ̀lé, kí ẹnì kan ní yunifásítì tó rí ọwọ́ wọn tó sì ní ẹni tó lè rán sùtánà báyìí, gáùn ò lè le fún un. Sùlíyá kì í ṣe ọmọ ìjọ. Mùsùlùmí ni, àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Bàbá rẹ̀, Àrẹ̀mú bíríkìlà, já bọ́ láti orí ilé alájà kan tó wó mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì nàró mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni yunifásítì gba Sùlíyá wọlé, àmọ́ kò sówó mọ́ láti fi rán an lọ. Ẹ wo bí ayé ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Alàgbà pé kó wá kọ́ṣẹ́, baba náà wo hìjáàbù orí rẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o lè rán funfun kó má dọ̀tí?" Ó ní òun lè rán an. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn parí síbẹ̀, kò sì tún jẹ yọ mọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò ní àwíjàre. Aṣọ oyè, ẹni tó bá joyè ní í wọ̀ ọ́. Kò sí aránṣọ tó gbọ́dọ̀ gbé gáùn kọ́rùn láti wò ó, ìbáà ṣe fún eré. Igi kan tí wọ́n gbẹ́ ní èjìká ni wọ́n ń fi wọn gbogbo rẹ̀, Damaris tó jókòó ti Sùlíyá sì sọ igi náà ní Purofẹ́sọ̀. Damaris yìí náà, kò ní ìjánu lẹ́nu. Ọmọ ìjọ Alàgbà ni, àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́ débi pé Damaris Pupa ni gbogbo òpópónà ń pè é. Yóò gbá Purofẹ́sọ̀ léjìká, yóò ní, "Igi lásán-làsàn ti gboyè jù wá lọ, Àǹtí Sùlíyá." Sùlíyá á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ku òun nìkan, ó máa ń fọwọ́ pa inú húùdù funfun, yóò sì tètè gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun olóhun.

Ó ti bímọ, Hàmdálàt àkọ́bí rẹ̀ ti ń lọ sí ilé ìwé gíga, kó tó di ọjọ́ tí Alàgbà rán òun fúnra rẹ̀ láti kó gáùn lọ sí yunifásítì. Ó wọkọ̀ ní Ìkẹjà, ó sọ̀ ní Maryland, ó wọ òmíràn, ó dé ẹnu géètì, ó sì rò pé òun ti dé. Wọ́n ní kò tíì dé. Ìlú ni ibẹ̀. Ó rìn kọjá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí aṣọ sísá bò láti òkè délẹ̀, ó rìn kọjá ilé ìkàwé tí ènìyàn ń wọ̀ bí ẹni ń wọ ọjà, ó ti rìn títí kó tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ìṣìnà yẹn dùn. Ní ilé kan, ó rí àwọn tó ń sin ẹ̀fọn nínú àpótí aláwọ̀n kí wọ́n lè mọ bí ibà ṣe ń ràn. Sùlíyá tí ẹ̀fọn Agége ti ń jẹ láti kékeré kò mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tó ń bọ́ wọn. Ní ilé mìíràn, ẹ̀rọ gìrìwò kan ń tẹ òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé dúró tì í. Ó béèrè ohun tí òpó ṣe fún wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó ń mú ilé wó, kí ilé yé wó pa àwọn òṣìṣẹ́. Sùlíyá ò lè kúrò níbẹ̀. Ó ń ro bàbá rẹ̀. Ó rò ó pé ká ní wọ́n ti tẹ òpó yìí ṣáájú ọjọ́ yẹn ni, bóyá bàbá òun ì bá nàró títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún.

Nígbà tó jíṣẹ́ tán tó ń bọ̀, ó gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kan láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ ni ohùn náà ti ń jáde, àwọn ènìyàn sì jókòó yí i ká, wọ́n ń kọ bí ìyá náà ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yorùbá ni. Yorùbá yìí kan náà tí a fi ń ná ata! Sùlíyá padà lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ibí yìí?"

"Government ni, madam."

"Ìjọba wo?"

Ọkùnrin náà wò ó. "Ìjọba ha lè dá a ní? Èmi àti ẹ̀yin la ni ín. Ti gbogbo wa ni. Àmọ́ ẹ má gbé àpò yín síbẹ̀ yẹn o, ọkọ̀ ń kọjá."

Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Lọ́jọ́ náà ó sọ fún Jimoh ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, pé òun fẹ́ padà sílé ìwé. Jimoh jẹun tán, ó mumi, ó ní, "Ṣé wọ́n á jẹ́ kó o máa wá jẹun nílé?" Bí Jimoh ṣe máa ń sọ pé òun gbà nìyẹn.

Báyìí ni Sùlíyá ṣe wọ ètò àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé, ní ẹ̀ka èdè Yorùbá. Àwọn ará àdúgbò fi ṣe ẹ̀rín. "Yorùbá tí à ń sọ nílé lo ń wọkọ̀ lọ kọ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó ń mí náà ń lọ kọ́ nípa ẹ̀dọ̀fóró. Olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Ẹkúndayọ̀, jẹ́ obìnrin tó kéré sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ Sùlíyá kúnlẹ̀ kí i nítorí olùkọ́ ni, òun náà kúnlẹ̀ nítorí àgbà ni Sùlíyá. Àwọn méjèèjì wà lórí eékún, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, gbogbo kíláàsì ń pariwo ẹ̀rín.

Ó kàwé náà. Ó gbé ìdánwò kan ṣubú, ìdánwò mìíràn gbé e ṣubú, ó tún dìde. Ibi iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ni ẹsẹ̀ ti há. Òwe ló ní òun fẹ́ ṣe é lé, nítorí òwe ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe. Dókítà Ẹkúndayọ̀ rọra ti ìwé náà padà sí i.

"Ìyá Hàmdálàt, ẹ má bínú sí mi, mà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe èyí. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ mọ̀?"

Sùlíyá gba ìwé òwe náà padà. Wọ́n ti bi í rí pé kí ló fẹ́ jẹ, wọ́n ti bi í pé kí ló fẹ́ rà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ni aṣọ máa parí. Kò sẹ́ni tó bi í rí láyé rẹ̀ pé kí ló fẹ́ mọ̀. Dókítà ní kó lọ rò ó, ṣùgbọ́n kó má pẹ́. Bí oṣù bá fi parí tí kò rí ìbéèrè tirẹ̀ mú wá, àfi kó dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ lè ní kí ni ọdún kan lára obìnrin tó ti dúró tó báyìí. Ojú Alàgbà ni. Ojú baba náà ti ń ṣú. Wọ́n ti ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́, wọ́n sì ti sọ lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé gáùn ìkẹyìn tí àwọn máa rán kí àwọn tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ti Sùlíyá ni. Dókítà ojú ti ní kí wọ́n tètè dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ta ni yóò rán an? Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí Sùlíyá gbádùn oúnjẹ.

Inú ìdààmú yìí ló wà nígbà tí Alàgbà lọ sórí òkè àdúrà. Yunifásítì ti dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́, àwọn àkọ́jáde rẹ̀ sì ń bọ̀ wá gbàwé ẹ̀rí. Baba pè é lórí fóònù. Afẹ́fẹ́ orí òkè ń fẹ́ wọnú ọ̀rọ̀ wọn.

"Sùlíyá, inú húùdù tuntun yẹn, pupa ni o. Mo ti ra aṣọ rẹ̀, ó wà ní òkè àjà."

"Pupa, Bàbá. Mo ti gbọ́."

Ó gun àga, ó rí àpò méjì ní òkè àjà. Ó tú ọ̀kan. Pupa ni, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Kí ló tún ń wá? Kò tú èkejì. Òun àti Damaris jókòó, wọ́n rán an, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Nígbà tí Olúwaníyì, ọkùnrin tó ń mójú tó ayẹyẹ ní yunifásítì, wá kó wọn, ó gbé húùdù kan, ó yí i padà, ó tún gbé òmíràn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ṣé dókítà ni gbogbo wọn fẹ́ dà ni? Ti Ìṣègùn lẹ rán fún wọn."

Sùlíyá gun àga. Ó sáré tú àpò kejì. Aṣọ tó wà nínú rẹ̀ dà bí ìyeyè tó ti pọ́n, ó mọ́lẹ̀ kedere, ó ń wò ó lójú.

Alàgbà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí ìjà ti bẹ́.

"Mo sọ fún ẹ pé pupa!"

"Pupa náà ni mo rán, Bàbá! Ẹ wò ó!"

"Ti dókítà kọ́! Pupa! Pupa!" Baba gbá aṣọ ìyeyè náà mú, wọ́n ń mì í. "Kí lèyí?"

"Yẹ́lò nìyẹn, Bàbá."

"Yẹ́lò bàbá ta ni? Bí o bá fọ́ ẹyin, kí lò ń pe ti inú rẹ̀? Ìyẹn tó wà láàárín funfun rẹ̀?"

"Pupa ẹyin," ni Sùlíyá wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó wá pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni? Damaris yìí tí gbogbo yín ń pè ní Damaris Pupa, ṣé ó jọ atarodo ni?"

"Bàbá, ẹ fi tèmi sílẹ̀," ni Damaris wí.

Ìjà Agége kì í pẹ́ di ti gbogbo ènìyàn. Fọkanáísà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Sùlíyá jàre, pupa ni pupa. Ìyá alágbo ní irọ́ ni, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí òun ń ta àgbo rẹ̀, ta ló ṣe rí tó tọ ẹ̀jẹ̀? Ìtọ̀ rẹ̀ kò ha dà bí aṣọ ọwọ́ Alàgbà yìí? Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọjá lọ ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kàn máa pè é ní yẹ́lò, kí gbogbo wa sinmi." Ni wọ́n bá kọjú sí i lápapọ̀, wọ́n bi í pé kí yẹ́lò tó gun ọkọ̀ ojú omi wá bá wa, ṣé ìyeyè ò tíì ní àwọ̀ ni.

Sùlíyá wà láàárín wọn pẹ̀lú aṣọ méjèèjì lọ́wọ́. Ẹkún ló fẹ́ sun, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ta sí i lọ́kàn. Ìgbà wo ni àwọ̀ méjèèjì yìí pínyà? Àwọn wo ló ń pè wọ́n ní ọ̀kan, àwọn wo ló pè wọ́n ní méjì, kí ló sì dé tí òun àti baba tó kọ́ òun níṣẹ́ fi wà nínú ilé kan láti ọjọ́ yìí wá, tí pupa ẹnì kìíní kì í ṣe pupa ẹnì kejì? Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn ènìyàn sì rò pé ìbànújẹ́ ti yí i lórí.

Olúwaníyì fún wọn láyè díẹ̀. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n tún un rán, Alàgbà fúnra wọn ń fi ìka tú òwú nítorí ìyẹn kò gba ojú. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ ju "fún mi ní àlùmọ́gàjí" lọ. Bí iṣẹ́ ṣe kúrò nílẹ̀, Sùlíyá gé ìrépé méjì, ọ̀kan pupa bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan bí ìyeyè, ó sì gbé wọn ka iwájú Dókítà Ẹkúndayọ̀. Ó ro gbogbo ẹjọ́ náà, tòun ti àgbo. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú, lẹ́yìn náà ó mú ìwé láti orí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti kọ̀wé lórí àwọ̀ nínú èdè Yorùbá wà, ó ní kí Sùlíyá lọ kà wọ́n kó má baà máa jà pẹ̀lú ìlẹ̀kùn tó ti ṣí. "Ó ní ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó bi àwọn aránṣọ Agége léèrè," bí Sùlíyá ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn bó bá ń ròyìn ọjọ́ yẹn.

Ó mú ìrépé rẹ̀, ó ń kiri. Ní Ìkẹjà GRA, ó sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́lé pé ìwádìí lòun ń ṣe. Ọkùnrin náà ní òun ò sí nílé lọ́jọ́ náà, òun ò rí nǹkan kan, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti géètì mọ́ ọn. Ìwádìí! Ta ló ń ṣe ìwádìí nílùú yìí bí kì í ṣe ọlọ́pàá? Láti ọjọ́ náà lọ, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo aṣọ" ló ń wí, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ títí ó fi ń bẹ̀ wọ́n pé ó ti tó. Àwọn àgbà ní pupa ni méjèèjì, wọ́n kàn fi ìrù sí i, pupa fòò, pupa rúsúrúsú. Àwọn ọ̀dọ́ ní pupa àti yẹ́lò. Àwọn aránṣọ ló rúni lójú jù. Wọ́n ń sọ pupa fún ìyá wọn, wọ́n ń sọ yẹ́lò fún oníbàárà, ẹnu kan náà ni.

Lọ́jọ́ kan, ó ń tẹ́tí sí ohùn tó gbà sílẹ̀ nínú fóònù, ó gbọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá kan ní Maryland, ó ń ra ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń sọ pé, "Ẹ fún mi ní èyí tó ti pọ́n." Ó tún un gbọ́. Ọsàn tó pọ́n! Pọ́n ni pé nǹkan di pupa; ṣé ọsàn wá pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni? Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń pe ìyeyè, ọsàn àti ìbẹ́pẹ ní pípọ́n, òun náà kò mọ̀. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Alàgbà Job.

"Bàbá, ẹ jàre. Mo ti wádìí ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé mo jàre," ni baba wí. "Ìwọ náà jàre. Ó yẹ kí n ní kó o tú àpò kejì wò. Dìde, gáùn ń dúró."

Sùlíyá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Wọ́n bi í ní ohun tó mọ̀, wọ́n bi í ní ohun tí kò mọ̀, ibi tí kò mọ̀ ó ní òun ò mọ̀, wọ́n ní kó lọ tún orí kẹta ṣe. Ó tún un ṣe. Orúkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn tó máa gbàwé ẹ̀rí lọ́dún náà.

Funfun ni inú húùdù ẹ̀ka rẹ̀. Alàgbà Job ní ìyẹn dára, lórí funfun kò sí iyàn, sùtánà lòun sì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀, wọ́n sún aṣọ mọ́ ojú, wọ́n ń rán an lọ́wọ́. Ibì kan nítòsí ọrùn wọ́ díẹ̀. Damaris fẹ́ fọgbọ́n tú u, Sùlíyá sì gbá a lọ́wọ́ kúrò. Nígbà tó parí, Damaris gbé e, ó ń lọ fi kọ́ Purofẹ́sọ̀ lọ́rùn.

"Gbé e wá," ni Alàgbà wí. "Sùlíyá, wọ̀ ọ́ kí n wò ó."

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti fà á lọ́wọ́ wá síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Ó ti apá kan bọ̀ ọ́, ó ti èkejì bọ̀ ọ́, húùdù funfun sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn hìjáàbù rẹ̀. Alàgbà fi ọwọ́ wá èjìká rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wá ojú abẹ́rẹ́, wọ́n tún ọrùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì sún mọ́ ọn títí ojú wọn tó ṣú fi rí ojú tirẹ̀.

"Ó ti pọ́n," ni wọ́n wí.

Damaris rò pé ojú Sùlíyá tí ẹkún ti sọ di pupa ni wọ́n ń sọ. "Pọ́n wo nínú pọ́n, Bàbá?"

"Bíi ti ọsàn," ni baba wí.